Ẹ̀rí tí Mo Fi Du Tàwàkálítù

Ní Libreville níbí, tí Mùsùlùmí kan bá kú láàárín àwa ọmọ Yorùbá, Àfáà kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ìrun òkú. Ó máa kọ́kọ́ yíjú sí èrò, á bi wọ́n pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa ẹni tó sùn sílẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń bèèrè. Nílé, ẹnikẹ́ni ló lè dáhùn, ariwo "ẹni rere ni, ẹni rere ni" á sì gba gbogbo agbo. Ṣùgbọ́n níbí tí a ti jìnnà sílé, tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ orírun ara wa, àwọn àgbà tó ṣáájú wa dé ti ṣe é lófin pé ẹni tó bá bá òkú tan jù lọ ni kó kọ́kọ́ dáhùn, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Tí ẹni tó bá ọ mu ọmú kan náà ò bá mọ irú ẹni tí o jẹ́, ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àbúrò mi Tàwàkálítù sílẹ̀ níwájú èrò, èmi ló bá a tan jù. Àfáà Zulkifli bèèrè lẹ́ẹ̀kíní, mi ò fèsì. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, ìka ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Nígbà tó fi máa bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ọrùn ti yí sọ́dọ̀ mi. Mo la ẹnu, mo ní, "Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Kì í ṣe èébú, kò sì sẹ́ni tó lè ní mo purọ́. Àmọ́ gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ ló mọ ohun tí mo sọ. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹni rere ni mọ́, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Àfáà dúró títí, ó ń wò mí, nígbà tó sì rí i pé mi ò ní í sọ kọjá bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ bèèrè. Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹni rere ni." Inú bí mi sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ló kan Àfáà nínú ọ̀rọ̀ ilé wa?

Orúkọ mi ni Nùrúdíìnì, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò Oloumi ń pè mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwó kí n tó wá sí Gabon, ibí ni mo sì ti di ẹni tó ń kun pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù: ti fọkanáísà, ti onídìrí, ti ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe. Faransé mi ò dá múṣémúṣé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sódì lórí pátákó ilé oògùn rí, odindi ọdún méjì ni àwọn ọmọléèwé fi ń ya fọ́tò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń gbéra ga. Mo ní ìwé atúmọ̀ ńlá kan tí mo gbé láti ilé, èyí tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, ohun tó jẹ́ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àti bó ṣe di ohun tó dà lónìí. Tí ẹnikẹ́ni bá lo ọ̀rọ̀ níwájú mi láìmọ ìdí rẹ̀, ara mi kì í gbà á. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé tí ilé bá ń jó, màá kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí iná ti gba orúkọ rẹ̀.

Tàwàkálítù ni ìyá wa bí tẹ̀ lé mi. Ìwé mẹ́fà ló kà. Èmi ni mo mú un wá sí Libreville, ó sì kọ́ iṣẹ́ aránṣọ títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Charbonnages. Ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, kì í bá mi jiyàn, ìkúnlẹ̀ ló ń kí mi pẹ̀lú gbogbo bí ilẹ̀ Libreville ṣe máa ń rin. Ohun kan ṣoṣo ló da àwa méjèèjì rú, ohun náà sì ni Wàrísù.

Káfíńtà ni Wàrísù, ọmọ Kétu ní Benin, ojúlé kẹta sí mi ló ti ń kan ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì. Yorùbá tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, mo sì máa ń sín in jẹ níbi tí èrò bá wà, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó ti ní ìyàwó kan nílé, ọmọ Gabon tó ń jẹ́ Léontine. Bàbá wa ti kú, èmi ni mo wà ní ipò rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni Wàrísù wá nígbà tó fẹ́ fi Tàwàkálítù ṣe ìyàwó kejì. Mo ní rárá. Mo ní àbúrò mi ò ní í jẹ́ ìyàwó kejì káfíńtà. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo pe Tàwàkálítù jókòó, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un tí mo rò pé ó parí ẹjọ́.

Mo ní, "Tí o bá máa fẹ́ ọkùnrin yẹn, kí n má gbọ́ ọ láyé mi."

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bùrọ̀dá mi." Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Lóòótọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Láàárín ọdún yẹn ló kó lọ sí PK12 lẹ́yìn ìlú, ó ní ilé ibẹ̀ gbòòrò ju ti Charbonnages lọ. Ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ìtúnu la máa ń ríra. Wàrísù náà kó kúrò ní Oloumi nígbà tó yá, wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan wọ́n ní ó ti kú. Mo ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Mi ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyá wa fi kú ní Ìwó. Ìyẹn ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Mo pe Tàwàkálítù lórí fóònù, a jọ sunkún, mo ní kó palẹ̀mọ́ ká jọ lọ. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Bùrọ̀dá mi. Mi ò lè lọ." Mo ní kò lè lọ síbi ìsìnkú ìyá ta ni? Ó tún un sọ pé òun ò lè kúrò nílé. Mo pa fóònù náà, mo sì dá lọ. Ní pápákọ̀ òfurufú, kí wọ́n tó pè wá wọlé, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, torí inú ń bí mi débi pé mi ò fẹ́ bá a sọ èdè tí ìyá wa fi tọ́ wa. Mo kọ ọ́ pé, "You are not worthy of the woman who bore you." Mò ń sọ fún un pé kò yẹ lẹ́ni tí obìnrin yẹn bí.

Kò dá èsì padà. Nígbà tí mo dé láti Ìwó, mo lọ kun pátákó kan ní PK12, mo sì rí i lókèèrè ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Aṣọ kan báyìí tí kò ní àwọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sí yẹtí létí, kò lé tìróò. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tí kò wá sin ìyá rẹ̀, ọ̀fọ̀ ojú ayé ló ń ṣe. Mo yí ojú mi sí pátákó, mo sì kun ún tán. Láti ọjọ́ náà, tó bá kí mi lọ́jọ́ ọdún, màá dáhùn, àmọ́ mi ò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ẹ ò rí i, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn ti kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ mi Ràódàt, tí a bí síbí, tí Faransé ti gba ẹnu rẹ̀ tán, wá bá mi nídìí iṣẹ́. Ó ní, "Papa, worthy, ça veut dire quoi? Kí ló túmọ̀ sí? Ibo ló ti wá?" Inú mi dùn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ọmọ tí kì í bi mí ní nǹkan kan nípa Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré. Mo nu ọ̀dà ọwọ́ mi, mo gbé ìwé atúmọ̀ sórí itan, odindi wákàtí kan ni mo fi ṣàlàyé.

Mo sọ fún un pé ara "worth" ni wọ́n ti yọ ọ́, àti pé láyé àtijọ́, "weorð" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Iye tí nǹkan tó ni, ó tún jẹ́ iyì, ó tún jẹ́ kí nǹkan kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń lò ó fún ìwà, tí ẹni yíyẹ fi di ẹni tí ó tọ́ ká bọ̀wọ̀ fún. Mo wá sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù fún un. Mo ní àwọn onímọ̀ kan rò pé, kó tó di iye, kó tó di iyì, ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ lè jẹ́ ni kí nǹkan kọjú sí nǹkan, kí wọ́n gbé èkíní ka iwájú èkejì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba. Mo ní kò dá wọn lójú o, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Ràódàt kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọjọ́ yẹn, orin ni mo fi ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ló sọ fún mi pé wọ́n ti dá tata òun, ìyẹn Tàwàkálítù, dúró sí ọsibítù, pé kíndìnrín ni. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Mo ra ọsàn, mo fi rán Ràódàt. Ó ní ṣé n ò ní í lọ fúnra mi ni? Mo ní tó bá di Sọ́ńdè. Pátákó ńlá kan wà lọ́wọ́ mi ní Sọ́ńdè yẹn, mo tún ní tó bá di èyí tó ń bọ̀. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú òkú, mo ti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti Ràódàt jókòó nílé, obìnrin Gabon kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kan ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó sì kí mi ní Yorùbá Kétu tó já geere, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé Wàrísù ló jí dìde. Ó ní òun ni Léontine, ìyàwó Wàrísù. Mo fún un ní àga, mi ò mọ ohun tó wá ṣe.

Ó ní, "Grand-frère, condoléances. Mo wá bá yín kẹ́dùn nítorí ìyàwó wa. Mo sì gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lórí òkú rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe wá fúnra mi."

Mo ní ìyàwó ta ni? Ó wo Ràódàt, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní lẹ́yìn tí mo kọ̀, Àfáà Zulkifli ló dúró ní ipò mi tó fa Tàwàkálítù fún Wàrísù, níwájú ẹlẹ́rìí méjì péré. Òun Léontine ò gbà, ó ní òun ti lé Tàwàkálítù kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni Wàrísù já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, tó sì rọ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e délé, Tàwàkálítù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò wá jà, ó ní kí Léontine máa lọ síbi iṣẹ́, òun á máa tọ́jú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi ń wọ takisí láti PK12 láràárọ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ má bàa bó, tó sì ń padà sílé lọ ránṣọ tí ilẹ̀ bá ṣú. Léontine ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní í wá."

Ó ní nígbà tí ọkùnrin náà kú, Tàwàkálítù wọ tákàbá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, kò ní í ṣe ọ̀ṣọ́, kò sì ní í rìnrìn àjò. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ ni ìyá wa kú. Ó ní Tàwàkálítù fi orí gbá ògiri. Ó ti dẹrù, ó sì tún un tú.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ohùn mi le nígbà tí mo bi í, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Léontine ní, "Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ ti sọ pé kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ láyé yín. Mo ní inú ló bí yín, ẹ ti gbàgbé. Ó ní rárá, pé ẹ̀gbọ́n òun kì í sọ̀rọ̀ dànù, pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ti ẹnu yín jáde, ẹ mọ ìdí rẹ̀."

Mi ò rántí ìgbà tí obìnrin náà lọ. Ohun tí mo rántí ni pé mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń ka oṣù lórí ìka, ikú Wàrísù, ikú ìyá mi, aṣọ tí kò ní àwọ̀, etí tí kò sí yẹtí. Gbogbo rẹ̀ wà níwájú mi. Mo lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá láti ẹgbẹ̀rún ọdún, àbúrò mi ní òun ò lè lọ, mi ò bi í pé kí ló fà á. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àmọ́ mi ò tiẹ̀ gbìyànjú láti gbẹ́ ẹ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí ìyàwó mi kú.

Ràódàt wá jókòó tì mí. Ó ní ohun kan wà tó yẹ kí òun sọ. Ó ní, "Papa, c'est tata. Tata ló ní kí n bi yín nípa worthy." Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ mi ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, kò pa á rẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó ní òun ti sọ fún un pé digne ni ní Faransé, ṣùgbọ́n tata ní ìyẹn ò tó, ó fẹ́ mọ ibi tó ti wá, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni èmi máa ń lọ tí mo bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀. Ràódàt jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ka gbogbo àlàyé mi fún un, iye, iyì, ìdọ́gba. Nígbà tó dé ibi kí nǹkan kọjú sí nǹkan, tata ní kó tún un kà.

Mo bi í pé kí ló sọ. Ràódàt ò fẹ́ sọ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́.

"Ó ní, 'Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí Bùrọ̀dá mi wá kọjú sí mi ná. Kó wò mí dáadáa, kó tó sọ pé mi ò yẹ.'" Ràódàt ní òun fẹ́ wá jíṣẹ́ náà fún mi, ṣùgbọ́n tata ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé tí wọ́n bá ti bẹ̀ mí kí n tó wá, kì í ṣe èmi ni mo wá.

Mo rántí ẹ̀gbẹ́ sàréè. Ibi tí mo dúró sí nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí Kíbúlà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Èmi ni mo yan ibẹ̀ fúnra mi.

Mo lọ bá Àfáà Zulkifli lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo fẹ́ bá a jà, mo fẹ́ bi í pé kí ló ṣe fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní àmánà ni Tàwàkálítù fi síkàáwọ́ òun, òun ò sì lè jẹ àmánà. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bèèrè, Tíṣà. Mò ń dúró dè yín ni." Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá di ọjọ́ kẹjọ tí a máa ṣe fìdáù, kó tún ìbéèrè yẹn bèèrè, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lè dáhùn níwájú àwọn èèyàn tó gbọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ó mi orí. Ó ní òkú tó ṣì wà níwájú èèyàn ni wọ́n ń bèèrè ìyẹn lé lórí. Tí wọ́n bá ti bò ó, ẹ̀rí ti kọjá, àdúrà ló kù. Ó ní kí n máa ṣe àdúrà fún un.

Ọjọ́ kẹjọ, a pàdé ní ilé rẹ̀ ní PK12. Èrò pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, Léontine àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ. Nígbà tí Àfáà ṣàdúrà tán, tí wọ́n ti ń kó abọ́ bọ̀, mo dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Mo kọjú sí wọn, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn, Tàwàkálítù àbúrò mi, ẹni yíyẹ ni."

Mo dúró kí wọ́n dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́rìí sí i. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń ṣe. Gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́, wọ́n fi pa ojú, wọ́n ní, "Àmín."